Ẹni Tó Yọ Bàbá Ìyàwó Kúrò Lójúde

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ mi. Ìwọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọlé kó o ti ilẹ̀kùn, òtútù Torino kì í ṣe ọmọ ìyá ẹnikẹ́ni. Ẹni tó ní fóònù lọ́wọ́, kó dojú rẹ̀ bolẹ̀ fúngbà díẹ̀. Ìtàn ìfẹ́ ni mo fẹ́ sọ. Ó ṣojú mi, mo sì wà nínú rẹ̀ bí iyọ̀ ṣe ń wà nínú ọbẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ìfẹ́ ń bọ̀, ẹ yà fún un,
Ẹ yà.
Orí fóònù ló gbà wọlé,
Ẹ yà.
Bàbá ìyàwó dúró lọ́nà,
Ẹ bá wa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà.

Ọláyọdé ni ọmọ tí mo bí. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti wà ní Torino. Àdúgbò Barriera di Milano níbí ló ń gbé, magazzino kan ní Settimo, ibi tí wọ́n ń kó ẹrù sí, ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí Yẹ́misí ìyàwó rẹ̀ bí Mọ́yọ̀ọ̀lá, èmi ni mo wá wẹ ọmọ. Mo wẹ ọmọ tán, mi ò padà sílé mọ́. Ọmọ tí mo wẹ̀ ti pé ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, ó ń ya àwòrán afárá ní ọ́fíìsì, ó sì ga ju bàbá rẹ̀ lọ.

Mọ́yọ̀ọ̀lá ń gbọ́ Yorùbá bí ẹni ń gbọ́ òjò lórí páànù: ó mọ̀ pé òjò ni, ṣùgbọ́n kò lè ka iye ẹ̀kán rẹ̀. Bàbá rẹ̀ á sọ Yorùbá sí i, òun á fi Italian fèsì. Bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn gbé nìyẹn, títí ó fi wá bá mi ní kíṣìnnì lọ́jọ́ kan tó ní, "Nonna, mo ti wọ Ojúde." Nonna ni wọ́n ń pe ìyá àgbà níbí.

Mo ní, "Ojúde ta ni?"

Ó fi fóònù hàn mí. Gúrúùpù Wásáàpù ni. Ojúde Wa lorúkọ rẹ̀. Àwa Yorùbá tó wà ní Torino, Padova, Brescia, Verona, gbogbo apá òkè Italy, la kóra jọ síbẹ̀. Ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Olúkáyọ̀dé Ògúnjìnmí ló dá a sílẹ̀. Padova ló ti wá kàwé, ibẹ̀ náà ló sì ti ríṣẹ́. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ọjọ́ mẹ́sàn-án gbáko ni kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe orúkọ rẹ̀ bó ṣe yẹ. Lọ́jọ́ kẹwàá, ó wá èèyàn mọ́kànlá rí, ó kó wọn jọ sórí fóònù. Ìgbà tí èmi fi máa wọ ibẹ̀, wọ́n ti di ẹgbẹ̀rin.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ wẹ́rẹ́ ni. Mo ti wà nínú gúrúùpù tó kú rí. Ẹ óò mọ̀ ọ́n: gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Ti Káyọ̀dé ò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wọlé lónìí, wọn á pe orúkọ rẹ̀, wọn á bi í léèrè ìlú rẹ̀, wọn á kí i bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn níbẹ̀. Ẹni tó bá béèrè ọ̀rọ̀ permesso di soggiorno, ìwé ìgbélùú yẹn, ilẹ̀ ò ní ṣú kó tó rí ẹni tó máa là á yé e. Káyọ̀dé mọ̀ pé ẹni tí a ò fún níṣẹ́ nínú ilé, àlejò ló máa dà. Nítorí náà ó pín iṣẹ́. Adùnọlá, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ní Collegno, ló ń ṣètò ìpàdé ojúkojú. Èmi tí mo ka ìwé méjì péré, ó ní kí n máa kọrin kan ránṣẹ́ láràárọ̀. Mo dẹ̀ ń kọ ọ́:

Ó mọ́, ó mọ́ lónìí,
Ẹni tó sùn ti jí,
Ẹni tó jí, kó dáhùn,
Ká mọ̀ pé ó ń bẹ.

Òfin ibẹ̀ ò pọ̀. A kì í fi Yorùbá ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́, a kì í sì í polówó ọjà. Ẹni tó bá gbé ìròyìn ikú èké wá máa jáde, torí ó ti ṣẹlẹ̀ rí tí ìyá kan dákú ní Brescia. Ṣùgbọ́n kí ádímìn, ìyẹn ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ mú, tó yọ ẹnikẹ́ni, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pè é kó gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá sì rú òfin, ìbáà jẹ́ ọba, oṣù kan ló máa fi wà níta.

Ìbéèrè kan ni Mọ́yọ̀ọ̀lá kọ́kọ́ bi wọ́n níbẹ̀. Ó ní tí wọ́n bá kí èèyàn pé ẹ kú ìjókòó, kí ló máa fi dáhùn? Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní kó sọ pé grazie, ìyẹn ẹ ṣé ti àwọn Italian. Káyọ̀dé pe onítọ̀hún lórí fóònù. Kó tó di ọ̀sán, onítọ̀hún ti tọrọ àforíjì lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn náà ni Káyọ̀dé gba ohùn sílẹ̀, ó fi í ránṣẹ́ sí ọmọ mi lọ́tọ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tìtorí ẹyọ ẹnì kan dákẹ́. Ìbéèrè yín dáa."

Àlùbọ́sà ni mò ń gé nígbà tó wá fi ohùn náà sí mi létí. "Nonna, ẹ gbọ́." Mo gbọ́. "Nonna, ẹ tún un gbọ́."

Mo ní, "Mọ́yọ̀, ọ̀rọ̀ náà ò tíì yí padà o."

Ó ní òun mọ̀. Ó tún fi sí i lẹ́ẹ̀kẹta. Mo wojú rẹ̀, mo ní nínú ara mi pé ó ti tán.

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń fi ohùn ránṣẹ́ síra wọn. Káyọ̀dé ní kó máa kí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ Ojúde, kó fi Italian kí wọn, kó wá fi Yorùbá parí rẹ̀. Mọ́yọ̀ọ̀lá náà bẹ̀rẹ̀ sí í dá bàbá rẹ̀ lóhùn ní Yorùbá nídìí oúnjẹ, Ọláyọdé á gbé ṣíbí dúró ní agbede méjì, á máa wò ó.

Nígbà tó yá, iṣẹ́ gbé Mọ́yọ̀ọ̀lá dé Padova. Káyọ̀dé lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀ ojú irin. Ó tẹríba díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ rìn dáadáa?"

Mọ́yọ̀ọ̀lá bojú wẹ̀yìn. "Èmi àti ta ni?"

"Ẹ̀yin náà ni."

"Ṣé mo dàgbà tó bẹ́ẹ̀ ni?"

"Rárá o. Ẹ ò tíì fún mi láṣẹ láti pè yín ní ìwọ ni."

Ó rò ó títí wọ́n fi mu kọfí tán. Ó wá ní, "Va bene, ó dáa. Mo fún ọ láṣẹ." Ó ní ìgbà tí òun gbọ́ "ìwọ" lẹ́nu rẹ̀, ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n ju aṣọ tó ti yá lóòrùn lé òun léjìká. Èmi àgbàlagbà, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, mo pa iná ìdáná, mo jókòó.

Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti rọrùn. Àmọ́ ẹni tó ń rẹ́rìn-ín sí fóònù nídìí oúnjẹ alẹ́ kò lè fi pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Ọláyọdé fẹ́ mọ ẹni tó ń pa ọmọ rẹ̀ lẹ́rìn-ín. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó fi fóònù ibi iṣẹ́ rẹ̀ tí àwa ò mọ nọ́ńbà rẹ̀ wọ Ojúde, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ níbẹ̀; wọ́n kí i, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀, kò dáhùn, kò kí ẹnikẹ́ni.

Adùnọlá sì ti ṣètò ìpàdé kan sí Padova, ó háyà pullman, bọ́ọ̀sì ńlá kan, tó máa gbé wa láti Torino láago méje òwúrọ̀ Sátidé. Ọkọ̀ Adùnọlá ni gbogbo wa ń pè é. Èmi àti Mọ́yọ̀ọ̀lá wà nínú rẹ̀. A ò mọ̀ pé Ọláyọdé ti pinnu láti yọ sí wa láìròtẹ́lẹ̀, kó lọ wo ojú ọkùnrin náà. Ó sáré láti ibi iṣẹ́, ó dé Corso Giulio Cesare, ibi tí ọkọ̀ ti ń gbéra, pẹ̀lú òógùn, ọkọ̀ ti lọ. Inú rẹ̀ bàjẹ́, ó kọ ọ́ sí Ojúde. Kò fi àmì sí i. Ta ló ń fi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí fóònù? Ohun tó kọ nìyí:

Oko Adunola ti lo. O ma se o.

Ọkọ̀ ló ní lọ́kàn. Ọkọ ni wọ́n kà.

Ẹ ò rí nǹkan. Verona ń sunkún, Brescia ń kan sáárá sí òkú. Wọ́n ń bẹ Ọlọ́run kó tu Adùnọlá nínú. Adùnọlá sì rèé nínú pullman, fóònù rẹ̀ wà nínú báàgì, Ọlábánjí ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó ń jẹ búrẹ́dì. Fóònù Ọlábánjí dún. Àbúrò rẹ̀ ni, ẹkún ló fi ń sọ̀rọ̀.

"Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni."

"Ìwọ ta ni?"

"Ọlábánjí, ta lo tún ń wá?"

Àbúrò gé e mọ́ ọn lẹ́nu. Ó tún pè. "Tó bá jẹ́ pé Ọlábánjí ni ẹ́ lóòótọ́, kí lorúkọ ajá tá a ní nílé?"

Ọlábánjí gbé búrẹ́dì mì. "Ajá wo? Ewúrẹ́ la ní." Ìgbà yẹn ni àbúrò wá ké gidi.

Ní Padova, Káyọ̀dé rí i pé Ojúde ti fẹ́ dàrú. Ó wo nọ́ńbà tó gbé ìròyìn náà wá: kò lórúkọ, kò ní àwòrán, kò kí ẹnikẹ́ni rí. Ìyá tó dákú lọ́jọ́sí sọ sí i lọ́kàn. Kò pè é. Ó tẹ bọ́tìnì, ó yọ ọ́. Níbi tí Ọláyọdé ti dúró sí lẹ́bàá ọ̀nà, ó rí i kà pé Olúkáyọ̀dé Ògúnjìnmí ti yọ ọ́ kúrò. Ẹgbẹ̀rin èèyàn ló ń wò ó. Ó wọ ilé, ó ní ẹ̀yìn ń dun òun, ó dùbúlẹ̀. Kò sọ ọ̀kankan fún wa.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Mọ́yọ̀ọ̀lá sọ fún àwọn òbí rẹ̀ pé ẹnì kan ń bọ̀ láti Padova wá kí wọn. Káyọ̀dé dé, ó wọ aṣọ mímọ́, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín pálọ̀. Ojú mi rí i, ó wù mí. Ọláyọdé ní, "Kí lorúkọ rẹ?"

"Olúkáyọ̀dé Ògúnjìnmí, sà."

Ọláyọdé yọ fóònù ibi iṣẹ́ rẹ̀ lápò, ó na ojú rẹ̀ sí i. "Ka ibí yìí fún mi."

Káyọ̀dé kà á láti ilẹ̀ tó wà. Kò lè gbórí sókè.

"Dìde," Ọláyọdé ní. "A kì í dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tá a ti lé jáde."

"Papà, ma dai, ẹ jọ̀ọ́," Mọ́yọ̀ọ̀lá ní, "kò mọ̀ pé ẹ̀yin ni."

"Ṣé tó bá jẹ́ bàbá ẹlòmíì ni, ó dáa?"

Káyọ̀dé dá Ọláyọdé padà sí Ojúde níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọláyọdé tún jáde kúrò nínú gúrúùpù fúnra rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ̀ tó lọ ni mo kọ, wọ́n fi ariwo lé mi síta, wọ́n wá fẹ́ fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ fà mí wọlé. Kò sí ìgbéyàwó kankan nínú ilé yìí." Yẹ́misí bẹ̀ ẹ́, èmi náà bẹ̀ ẹ́. Èmi ni mo bí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ilé rẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ ni.

Mọ́yọ̀ọ̀lá àti Káyọ̀dé jà ní àtẹ̀gùn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Káyọ̀dé ní, "Ẹgbẹ̀rin èèyàn ni mò ń dáàbò bò." Mọ́yọ̀ọ̀lá ní, "Bàbá mi wà lára wọn." Ó ti ilẹ̀kùn. Ó wá jókòó ti ẹsẹ̀ mi bó ṣe ń ṣe nígbà tó wà ní kékeré.

"Nonna, a lè lọ sí Comune, ọ́fíìsì ìjọba ìlú, ká fọwọ́ síwèé. Ẹnikẹ́ni ò ní dá wa dúró. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ ìgbéyàwó tí Papà ò ní ṣàdúrà níbẹ̀. Mi ò tiẹ̀ mọ̀ bóyá mo ṣì fẹ́ ẹ. Ẹni tí kì í béèrè kó tó ti èèyàn síta, ṣé mo lè bá a gbé?"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló gbé mi dìde. Mo ní ó tó gẹ́ẹ́, èmi ni màá ṣe alárinà. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Padova, torí ọ̀rọ̀ bàbá ìyàwó kì í ṣe ọ̀rọ̀ orí fóònù. Káyọ̀dé wá gbé báàgì mi. Ó ti rù. Mo ní, "Ọkọ ọmọ mi tó ń rù bí ìgbálẹ̀, òfin wo ni Ojúde ní nípa yíyọ èèyàn?"

"Kí a kọ́kọ́ pè é, Màmá. Kí a gbọ́ tẹnu rẹ̀."

"Ṣé o pè é?"

Ó wolẹ̀. "Rárá, Màmá."

"Ta ló wá rú òfin?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. "Èmi ni."

"Kí ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tó rú òfin?" Mi ò dúró gbọ́ èsì. Mo ní kó wá oúnjẹ fún mi, ebi ọkọ̀ ojú irin kì í ṣe kékeré.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọrin mi tán, ohùn Káyọ̀dé tẹ̀ lé e. Kò kọ ọ́ sílẹ̀, ó fẹnu sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í kà. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkọ̀ ni bàbá yẹn wí. Àwa la pa ọkọ fún Adùnọlá. Ẹni tí mo yọ, Bàbá Mọ́yọ̀ọ̀lá ni, Ọ̀gbẹ́ni Ọláyọdé ní Torino. Wọn ò purọ́. Èmi ni mi ò pè wọ́n kí n tó yọ wọ́n, èmi ni mo rú òfin wa. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn lójú gbogbo yín. Oṣù kan ni òfin wí. Adùnọlá, kọ́kọ́rọ́ rèé." Ni ó bá jáde kúrò nínú Ojúde tó fọwọ́ ara rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ẹ gbọ́, oṣù yẹn le. Lọ́jọ́ kẹta, ẹnì kan gbé ìpara ìbóra wọlé, ó ń polówó. Àwọn méjì ń bú ara wọn lórí òṣèlú tí kò kàn wọ́n. Adùnọlá ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n ó níṣẹ́ ọsibítù. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kí wa, ilẹ̀ ṣú, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ní Settimo, àwọn Yorùbá tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń sọ fún Ọláyọdé pé, "Bàbá Mọ́yọ̀, ẹ ti sọ Ojúde wa dọjà o." Ó kàn ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ.

Àmọ́ mo rí i. Mo rí i ní kíṣìnnì, ó gba fóònù ìyàwó rẹ̀, ó ń gbọ́ ohùn Káyọ̀dé. Ó gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́. Mi ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ náà ò yí padà. Ọ̀sán Sátidé kan, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ nọ́ńbà.

"Ìwọ ọmọ Ògúnjìnmí."

"Sà."

"Kí lò ń ṣe?"

"Mò ń fọ abọ́, sà."

"Ta lò ń bá sọ̀rọ̀ látọjọ́ yìí?"

"Kò sí, sà. Mọ́yọ̀ọ̀lá ò gbé fóònù mi."

Ọláyọdé wo òrùlé. "Èmi náà ṣì wà níta. Wá jẹun lọ́la."

Ó wá. Mọ́yọ̀ọ̀lá jókòó ní òdìkejì, kò wò ó, ṣùgbọ́n ó ti wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó mọ̀ pé ó yẹ òun. Kí Yẹ́misí tó gbé oúnjẹ sílẹ̀, Ọláyọdé gbé ọwọ́ sókè.

"Ìbéèrè kan. Ká ní mo di bàbá ìyàwó rẹ, mo sì padà sí Ojúde. Lọ́jọ́ kan mo ṣẹ̀, mo jẹ̀bi gidi. Ṣé wàá yọ mí?"

Mọ́yọ̀ọ̀lá fi ẹsẹ̀ gbún Káyọ̀dé lábẹ́ tábìlì. Mo mọ̀, torí ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ bà. Èmi náà ń gbàdúrà kó sọ pé láéláé. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù kó sọ, á sì gba ìyàwó.

Káyọ̀dé fi ọwọ́ sórí itan. "Sà, màá kọ́kọ́ pè yín. Màá gbọ́ tẹnu yín dópin. Tí ẹ bá jẹ̀bi, màá yọ yín. Lẹ́yìn náà màá wọ ọkọ̀ ojú irin, màá wá dọ̀bálẹ̀ fún yín nílé yìí."

Yẹ́misí gbá ìkòkò mú. Mọ́yọ̀ọ̀lá gbójú sókè, ó wo Káyọ̀dé fúngbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà, ó wò ó bí ẹni ń ka ìwé tó ti ń wá tipẹ́.

Ọláyọdé rẹ́rìn-ín. Ó rín ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹni tó bá purọ́ fún mi lónìí torí kó lè fẹ́ ọmọ mi, á purọ́ fún ọmọ mi náà lọ́la. Mọ́yọ̀ọ̀lá, ṣé o fẹ́ ẹ?"

Ọmọ mi dá bàbá rẹ̀ lóhùn ní Yorùbá. "Mo fẹ́ ẹ, Bàbá mi. Ẹ bá mi gbà á."

"Yẹ́misí," Ọláyọdé ní, "gbé oúnjẹ wá. Ebi ń pa ọkọ ọmọ wa."

Ọjọ́ tí oṣù pé, Adùnọlá ṣí ilẹ̀kùn Ojúde, ó pe orúkọ Káyọ̀dé àti Ọláyọdé wọlé pa pọ̀, èmi kọrin, ẹgbẹ̀rin èèyàn kí wọn káàbọ̀ láti òwúrọ̀ títí di ọ̀sán.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, a ṣe ìdána ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Collegno. Ọ̀pọ̀ tí wọ́n ti ń gbọ́ ohùn ara wọn láti ọdún mẹ́ta rí ojú ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. "Ṣé ìwọ lo ga báyìí?" "Mo rò pé arúgbó ni ẹ́." Àwọn ará Padova se polenta, òkèlè àgbàdo ti ibẹ̀, àwa se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí, a dà á lé e lórí, àwọn ìyàwó Italian tó wà láàárín wa béèrè fún ẹ̀kejì. Ọláyọdé ṣàdúrà, ó gùn, Mọ́yọ̀ọ̀lá ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀. Mo dá orin:

Mọ́yọ̀ọ̀lá ti rí tirẹ̀,
Ó rí tirẹ̀.
Ẹ̀yin tó kù, ẹ máa bọ̀ wá rí,
Ẹ ó rí tiyín.
Ká jó, ká jẹ, ká bu dání,
Ọwọ́ ẹnikẹ́ni ò ní ṣófo.

Wọ́n jẹ, wọ́n yó, wọ́n fi bébà fàdákà di mọ́ínmọ́ín àti ẹran fún àwọn tí iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n wá. Àwọn ará Verona àti Brescia bá ọkọ̀ ojú irin lọ, àwa ti Barriera wọ bọ́ọ̀sì, ikùn wa wúwo, ọkàn wa fúyẹ́. Kò sẹ́ni tí ebi bá délé. Ẹ̀yin náà, ẹ dìde, ọbẹ̀ wà lórí iná. Ẹ wá gba tiyín, kẹ́ ẹ tó lọ sílé.